Ta Ló Sọ Bẹ́ẹ̀, Ojú Ìwé Wo Ló Wà?

Bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá dá ìjà sílẹ̀ láàárín ẹbí méjì ní Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá, àgbà tí wọ́n bá pè kì í kàn sọ pé "àwa la nilẹ̀" kó sì jókòó. Orí ẹni tó kọ́kọ́ dáko síbẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Yóò dárúkọ ọmọ tó jogún rẹ̀, àti àlejò tí wọ́n fún láyè láti gbin ẹ̀gẹ́, pẹ̀lú ìṣákọ́lẹ̀ tó ń san. Yóò nawọ́ sí pèrègún tó wà lójú ààlà. Bó bá fo ìran kan, wọn yóò bi í pé, "Baba, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?" Ìbéèrè yìí kan náà ni lọ́yà ń dáhùn nígbà tó bá ń ka orúkọ àti nọ́ńbà fún adájọ́.

Ẹ wo ọ̀kan: Idundun v. Okumagba (1976) 9–10 SC 227. Orúkọ méjèèjì jẹ́ ti àwọn tó ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ kan ní Warri. 1976 ni ọdún ìdájọ́. SC ni àkójọ ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà, 9–10 ni apá ìwé náà, ojú ìwé 227 sì ni ìdájọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ìwé náà lọ́wọ́ lè ṣí i kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí Adájọ́ Fatayi-Williams kọ.

Ohun tó kọ kan ará Ìbàràpá gbọ̀ngbọ̀n. Ó ní ọ̀nà márùn-ún ni èèyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu sì ni àkọ́kọ́. Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀. Lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ náà wà níbẹ̀.

Bí ìtàn àgbà méjèèjì bá wá tako ara wọn ńkọ́? Ẹjọ́ kan láti Gánà, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Gold Coast, ti yanjú èyí: Kojo II v. Bonsie, tó wà nínú ìwé ìdájọ́ ọdún 1957. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá a. Wọ́n ní kí adájọ́ má ṣe tìtorí pé ẹnìkan fara balẹ̀ sọ̀rọ̀ ju ẹnì kejì lọ gbà á gbọ́, torí àwọn méjèèjì lè máa sọ ohun tí bàbá wọn sọ fún wọn láìṣẹ̀tàn, kí àṣìṣe sì ti wọlé bí ìtàn ṣe ń ti ìran dé ìran. Kí adájọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó wà láyé: ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, ta ló ń dáko síbẹ̀? Ìtàn tó bá èyí mu ni kó gbà. Mi ò tíì rí ọgbọ́n tó bọ̀wọ̀ fún àgbà tó báyìí nínú òfin.

Kì í ṣe gbogbo ìdájọ́ ló wúwo bákan náà. Láti ilé ẹjọ́ gíga, ẹjọ́ ń lọ sí kòtẹ́milọ́rùn n'Íbàdàn, ó sì lè dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá, bí ẹjọ́ oyè Elérúwà, ọba ìlú Èrúwà, ṣe débẹ̀. Abala 287 ìwé òfin 1999 sọ pé ìdájọ́ Àbújá de gbogbo ilé ẹjọ́ tó kù. Síbẹ̀, ìdí tí wọ́n fi dá ẹjọ́ náà bẹ́ẹ̀ ló de èèyàn. Ọ̀rọ̀ tí adájọ́ kàn sọ gba ẹ̀gbẹ́ kò de ẹnikẹ́ni.

Ìtọ́kasí tí a kò yẹ̀ wò sì léwu: ní New York lọ́dún 2023, ilé ẹjọ́ bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là fún àwọn lọ́yà tó tọ́ka sí ẹjọ́ tí kò sí láyé; kọ̀ǹpútà ló hun ún fún wọn, wọn ò sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin tí ẹbí yín ní ẹjọ́ ilẹ̀ ní kóòtù, ẹ bi lọ́yà yín léèrè ìdájọ́ tó gbára lé. Ẹ gba orúkọ, ọdún àti ojú ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ọmọ yín tó mọ̀wé kà á fún yín.