Ọ̀dà Olóróró àti Ẹkún Màríà

Nínú ìwé tí Francisco de Holanda, ọmọ ilẹ̀ Pọtogí, parí ní 1548, ó fi ọ̀rọ̀ kan sí Michelangelo lẹ́nu: pé àwòrán àwọn ará Flanders a máa pa olùfọkànsìn lẹ́kún, ṣùgbọ́n pé ìwà rere ẹni tí ń wò ó ni ó fà á, kì í ṣe agbára àwòrán náà. Ǹjẹ́ òótọ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ kan dáhùn. Ní nǹkan bí ọdún 1435, Rogier van der Weyden ya bí a ti sọ òkú Jésù kalẹ̀ láti orí àgbélébùú, fún ẹgbẹ́ alákàtàǹpó ìlú Leuven, ní ilẹ̀ tí ó di Bẹ́ljíọ̀mù. Àwòrán náà wà ní Prado ní Madrid.

Kí ọ̀dà olóróró tó gbilẹ̀, pupa ẹyin ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń po àwọ̀. Ọ̀dà ẹlẹ́yin a máa tètè gbẹ. Bí a bá fẹ́ kí àwọ̀ kan wọ inú èkejì, ìlà wẹ́wẹ́ ni a ó máa fà. Òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń pẹ́ kí ó tó gbẹ, ìmọ́lẹ̀ sì ń là á kọjá. A lè tẹ́ ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé ìpele, kí ti ìsàlẹ̀ máa hàn nínú ti òkè, bí òkúta ṣe ń hàn nínú odò tó mọ́.

Ọgbọ́n yìí ni a fi ya omijé. Kò funfun bí ẹfun: àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń hàn nínú ẹ̀kán rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kín-ń-kín sì ń tàn lórí rẹ̀. Ìpéǹpéjú àwọn tí ń sunkún pọ́n.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀ wà lára pẹ̀lú. Màríà dákú. Bí ara ọmọ ṣe tẹ̀ bí ọrun ni ti ìyá tẹ̀. Bí apá ọmọ ṣe rọ̀ wálẹ̀ ni ti ìyá rọ̀. Aṣọ aláwọ̀ aró rẹ̀ mú kí ojú rẹ̀ túbọ̀ ṣì. Ẹni mẹ́wàá ni ó há sí àyè tóóró tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ wúrà. Kò sí òkè, kò sí ojú ọ̀run tí ojú olùwòran lè sá sí.

Nítorí náà, ẹkún yìí kì í ṣe ohun tí olùwòran gbé wá láti ilé nìkan. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ lítíréṣọ̀ mọ̀ pé ìròyìn ikú nìkan kọ́ ni í mú ni sunkún nínú ewì. Ìlò èdè wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìlò ọ̀dà.