Bí àdúgbò bá di ti olówó, ta ni yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọba ni òwe náà ń bá wí. Bí ààfin bá jó, gbogbo ìlú ni yóò pawọ́ pọ̀ tún un kọ́, ọba náà ni yóò sì padà wọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àdúgbò mẹ̀kúnnù ni wọ́n wó láti fi kọ́ ilé olówó ńlá, ẹni tí ilé wó mọ́ lórí kì í sábà jẹ́ ẹni tí yóò gbé inú ilé tuntun. Ìdí nìyí tí èrò àwọn ará àdúgbò kì í fi í ṣọ̀kan lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ará Ọjọ́ta, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́, fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Òpópónà Ìkòròdú gba àárín ibẹ̀ kọjá, Maryland wà nítòsí, Ògùdù GRA kò sì jìnnà. Ohun tí olówó kò fẹ́ níbẹ̀ ni ààtàn Olúṣọ̀sùn, tí wọ́n ti ń da ilẹ̀ sí láti ọdún 1992, tó gbòòrò tó nǹkan bí hẹ́kítà 42, tó sì gbiná ní oṣù kẹta ọdún 2018. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé òun yóò ti ibẹ̀ pa. Kò sí ẹni tó ń mí èéfín sínú tí inú rẹ̀ kò ní dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí òórùn bá kúrò nílẹ̀, owó ilẹ̀ àti owó ilé lè gòkè, ibẹ̀ sì ni ìbéèrè ti bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó. Ní ọdún 1955, ìgbìmọ̀ LEDB, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, lórí ilẹ̀ tó tó nǹkan bí éékà 70. Wọ́n ní ibẹ̀ há jù, ó dọ̀tí, kò sì yẹ olú-ìlú orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gba òmìnira. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè.

Onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Peter Marris, lọ bá àwọn ènìyàn wọ̀nyí sọ̀rọ̀, ó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1961. Ohun tó rí ni pé kì í ṣe pé wọ́n kórìíra ilé tó dára. Àwọn kan yin ilé tuntun, wọ́n ní ààyè wà, ara sì rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin oníṣòwò pàdánù oníbàárà, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè wọn, ẹni tó ń gbé ilé ẹbí lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń san owó ilé lóṣooṣù, àwọn àgbà sì jìnnà sí àwọn ọmọ àti ìbátan tó ń bọ́ wọn.

Èyí fi hàn pé onílé, ayálégbé àti oníṣòwò kì í pàdánù ohun kan náà. Onílé ń ro iye tí wọn yóò san fún un, ó sì lè jèrè bí ó bá tà fúnra rẹ̀. Ayálégbé ń ro ibi tí yóò sùn. Oníṣòwò ń ro oníbàárà tó ti fi ọdún púpọ̀ kó jọ, èyí tí kò sí ẹni tó lè wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n.

Òfin pàápàá kò wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bákan náà. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fún gómìnà láṣẹ láti gba ilẹ̀ fún àǹfààní ìlú. Owó gbà-má-bínú tó là sílẹ̀ dá lórí ilé àti ohun ọ̀gbìn tó wà lórí ilẹ̀; ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí onílẹ̀ san fún ìjọba lórí rẹ̀ lọ́dún náà nìkan ni yóò padà gbà. Iye tí ilẹ̀ náà ń tà lọ́jà kò sí nínú ìṣirò. Ayálégbé tí kò kọ́ ilé, tí kò sì gbin nǹkan kan, kò ní ohun tí wọn yóò ṣírò fún un, bí ó tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ọdún kan tàbí méjì sílẹ̀. Bí onílé bá sì tà fúnra rẹ̀, ìwé pé kí ó kó jáde ni ayálégbé yóò rí gbà.

Máròkó ni àpẹẹrẹ tó burú jù. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà ìṣèjọba Raji Rasaki, wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje, wọ́n sì wó àdúgbò tí nǹkan bí ènìyàn 300,000 ń gbé. Ìjọba ní ibẹ̀ dọ̀tí, omi sì lè bò ó. Àwọn onílé tí ìjọba kà yẹ fún ilé mìíràn kò tó 3,000. Lónìí, ilẹ̀ tí wọ́n ní omi lè bò náà wà lára èyí tó wọ́n jù ní Èkó.

Ọ̀nà mìíràn wà. Nígbà tí wọ́n wó Badia East ní oṣù kejì ọdún 2013, tí nǹkan bí ènìyàn 9,000 pàdánù ilé, àwọn ará ibẹ̀ kọ̀wé ẹ̀sùn sí Báńkì Àgbáyé, tó ń fi owó ṣe iṣẹ́ àtúnṣe ní agbègbè náà. Nígbà tí wọ́n wá san owó ìrànwọ́, ayálégbé wà lára àwọn tó gbà á, bí ọ̀pọ̀ tilẹ̀ ní owó náà kéré. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pẹ̀lú, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Èkó dá a lẹ́jọ́ pé lílé tí wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame láìsí ibùgbé mìíràn lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí ìjọba jókòó bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Ọjọ́ta ni pé kí katakata tó dé ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn ún sọ. Ẹgbẹ́ onílé nìkan kò tó láti sọ èrò àdúgbò. Ó yẹ kí orúkọ ayálégbé, oníṣòwò, àti àwọn tó ń ṣa ohun títà lórí ààtàn wà nínú àkọsílẹ̀, kí wọ́n sì mọ ibi tí wọn yóò kó lọ àti iye owó ilé tuntun kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lùwé. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí, olórí tó wà ní Ọjọ́ta kò sì mọ sí ẹni tó ní ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́.