Ìdagẹ̀rẹ̀ Kámẹ́rà àti Ìyára Ìyíra Dúróònù: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Olùkọ́

Jericho ní Ìbàdàn jẹ́ àdúgbò tí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ìwé ti pàdé. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó ti Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1954, fìdí kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ náà ni University Press, tí ń tẹ ìwé fún ilé-ẹ̀kọ́, wà. Bí olùkọ́ kan ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ bá gba àṣẹ ìjọba láti fi dúróònù, èyíinì ni ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò gbé awakọ̀, ya àwòrán orí igi, ìṣòro tí yóò kọ́kọ́ bá pàdé lè má jẹ́ ti ẹ̀rọ bí kò ṣe ti ọ̀rọ̀.

"Yí kámẹ́rà sísàlẹ̀" àti "Yí kámẹ́rà sọ́tùn-ún" jọra lẹ́nu, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ dúróònù kékeré, kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni ó ń wo òkè tàbí ìsàlẹ̀. Bí ó bá di ti ọ̀tún àti òsì, gbogbo ara dúróònù ni ó ń yí. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè tó fún méjèèjì.

Ìdagẹ̀rẹ̀

Fún ti àkọ́kọ́, ìdagẹ̀rẹ̀ ni ó bá a mu. Ìtẹríba kò yẹ, nítorí ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ń tọ́ka sí, ó sì ní ìtumọ̀ ọ̀wọ̀ nínú. Ìdoríkodò burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òdo dígírì, kámẹ́rà ń wo ọ̀kánkán; bí ó bá dagẹ̀rẹ̀ ní 90 dígírì sísàlẹ̀, ilẹ̀ gan-an ni ó kọjú sí, bí a ti ń ṣe fún àwòrán ilẹ̀. Bí dúróònù bá wà ní 30 mítà sókè ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, tí ìdagẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ 45 dígírì, àárín àwòrán yóò bọ́ sí 30 mítà níwájú. Bí ó bá jẹ́ 30 dígírì, yóò tó 52 mítà.

Ìyíra

Ìyípo lè mú akẹ́kọ̀ọ́ rò pé dúróònù ń yí igi ká. Ìyíra ni ó sọ pé ojú kan ni ó dúró sí, tí ó ń yí ara rẹ̀ padà. Bí ìyára ìyíra bá jẹ́ 60 dígírì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò yíra tán ní ìṣẹ́jú àáyá 6. Bí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwòye yóò máa fi dígírì 2 sún láti àwòrán kan sí èkejì. Ewé yóò di bàìbàì. Ní 15 dígírì, ìsúnkì náà kò ju ààbọ̀ dígírì lọ.

Ìrọra

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó léwu jù láti gbàgbé. Ìyára ń sọ bí ẹ̀rọ ti ń yí tó. Ìrọra ń sọ bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀ àti bí ó ti ń dáwọ́ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ tí a ní kí ó dín ìyára kù, tí ó wá fi kún ìrọra, yóò rí i pé dúróònù ṣì ń yíra díẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti fi ọ̀pá ìdarí sílẹ̀. Bí ó bá ń lọ síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ka igi, ìyẹn tó láti ba ẹ̀rọ jẹ́. Ó yẹ kí a máa yí ìwọ̀n kan padà lẹ́ẹ̀kan, ní gbangba, jìnnà sí igi àti ènìyàn.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ifẹ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó dára ni èyí tí etí gbọ́, tí ọwọ́ sì ṣe bí ó ti yẹ.