Bí Fíúsì Ọkọ̀ Yín Bá Jó, Ẹ Má Fi Wáyà Dípò Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti kà ju kí ẹ gbọ́ lọ, ohun tí a sọ lọ́sẹ̀ yìí rèé.

Lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù keje, mò ń ti Ìkẹjà bọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Òjò ńlá ń rọ̀. Bí mo ṣe dé Ketu báyìí, wáípà mi dúró gbagidi láàárín gíláàsì. N kò rí iwájú mọ́. Mo rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bọ̀dá rewáyà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí sáré wá. Ó ṣí ibì kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó yọ nǹkan kékeré kan jáde, ó já wáyà tín-ínrín kan, ó kì í bọ ibẹ̀. Wáípà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

"Àǹtí, ó ti parí. Ẹ máa lọ."

Mo sanwó, mo dúpẹ́, mo tún ṣàdúrà fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, òjò tún ń rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn rọ́bà tó ń jó. Kí n tó mọ̀, èéfín ti ń rú jáde lábẹ́ síárìn. Mo pa ọkọ̀, mo bẹ́ sílẹ̀ sínú òjò. Ọlọ́run ló yọ mí. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ̀rọ̀ fíúsì lónìí.

Kí ni iṣẹ́ fíúsì gan-an?

Gbogbo wáyà inú ọkọ̀ ló ní ìwọ̀n iná tí agbára rẹ̀ ká. Bí iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá bá pọ̀ ju ìwọ̀n yẹn lọ, wáyà á gbóná, rọ́bà ara rẹ̀ á yọ́, ó sì lè gbiná. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe fi fíúsì sójú ọ̀nà. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú fíúsì tí wọ́n dìídì ṣe kó tètè yọ́. Bí iná bá ti pọ̀ jù, òun ló máa kọ́kọ́ já, iná á sì dúró. Fíúsì kú kí wáyà lè yè.

Nítorí náà, fíúsì tó jó kò ṣe ohun burúkú kankan. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe.

Nọ́ńbà àti àwọ̀

Ẹ wo orí fíúsì dáadáa, ẹ ó rí nọ́ńbà. Áńpù ni nọ́ńbà yẹn ń sọ, ìyẹn ìwọ̀n iná tí fíúsì náà lè gbà. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń sọ ohun kan náà: pupa jẹ́ 10, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20, èyí tó mọ́ gaara bí omi jẹ́ 25, gíríìnì sì jẹ́ 30.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ fóòtì 12. Ká ní gílóòbù iwájú ọkọ̀ jẹ́ wáàtì 55 lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjèèjì jẹ́ 110. Ẹ pín in sí 12, ó lé díẹ̀ ní áńpù 9. Fíúsì 15 á gbé e láìsí wàhálà. Àmọ́ bí ẹ bá ki inverter wáàtì 150 bọ ihò tí ẹ fi ń gba fóònù lágbára, ó ju áńpù 12 lọ. Bí fíúsì ibẹ̀ bá jẹ́ 10, ẹ má bínú sí i tó bá jó.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀

Àkọ́kọ́, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́.

Èkejì, ẹ wá àpótí fíúsì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ní méjì: ọ̀kan lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀, ìkejì lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì nítòsí bátìrì. Àwòrán tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ fíúsì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń wà lẹ́yìn ìdérí rẹ̀. Bí ìdérí tòkunbọ̀ yín bá ti sọnù, ẹ fi orúkọ ọkọ̀ náà àti ọdún rẹ̀ wá ìwé ìlò rẹ̀ lórí Google. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya àpótí náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fa fíúsì náà sókè tààrà. Ẹ̀mú kékeré oníke sábà máa ń wà nínú àpótí fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé e síwájú tọ́ọ̀ṣì fóònù. Bí irin inú rẹ̀ bá ti já, ó ti jó nìyẹn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ fi tuntun tó ní nọ́ńbà kan náà síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, kí ẹ wá dán an wò.

Bí ẹ kò bá ní tuntun lọ́wọ́, tilẹ̀ sì ti ṣú, ẹ lè yá ti rédíò lò títí ẹ ó fi délé, bí nọ́ńbà wọn bá dọ́gba. Ẹ má yá ti bíréèkì o. Ẹ má sì fọwọ́ kan ti airbag, tàbí àwọn fíúsì ńlá tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì. Tó bá jẹ́ hybrid lẹ ń wà, ẹ jìnnà sí wáyà nílánlá aláwọ̀ ọsàn.

Bí tuntun náà bá tún jó ńkọ́?

Ẹ má fi ẹ̀kẹta síbẹ̀, ẹ má fi èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má sì fi wáyà. A kì í fi ète sílẹ̀ pa làpálàpá. Ó lè jẹ́ pé wáyà kan ti bó, tó ń kan irin ara ọkọ̀. Ó lè jẹ́ pé omi wọlé síbì kan, tàbí kẹ̀, ibi tí wọ́n ti já wáyà láti fi iná tàbí sípíkà mìíràn sí i.

Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, rewáyà kejì ló rí i pé apá wáípà ti dípẹtà. Mọ́tò tó ń yí i ń fi agídí ṣiṣẹ́, ó sì ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìpẹtà yẹn ni fíúsì ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Wáyà tí bọ̀dá àkọ́kọ́ kì bọ ibẹ̀ ló jẹ́ kí iná ráyè dé ìdí dáṣíbọ́ọ̀dù mi.

Bí ẹ bá rí èéfín, ẹ pa ọkọ̀, kí gbogbo èèyàn bọ́ sílẹ̀, ẹ jìnnà sí i, kí ẹ pe 112. Ẹ má já bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí: atẹ́gùn lè mú kí iná ràn sí i.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ ra oríṣiríṣi fíúsì díẹ̀ sínú ọkọ̀ yín. Kò wọ́n. Bí rewáyà bá sì sọ fún yín pé ó ti parí, ẹ bi í léèrè: "Bọ̀dá, kí ló fà á tó fi jó?" Bí kò bá rí èsì fọ̀, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ rọra wakọ̀ o.