Awò Adínmọ́lẹ̀kù nínú Yíya Àwòrán Alákòókò Gígùn: Àpẹẹrẹ láti Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Abẹ́òkúta

Ìfáárà

Oòrùn ọ̀sán ilẹ̀ Ẹ̀gbá kì í ṣe ọ̀rẹ́ ayàwòrán tó bá fẹ́ kí kámẹ́rà rẹ̀ lajú pẹ́. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ máa ń bọ́ sórí àpáta Olúmọ, sórí páànù ilé Ìtòkú àti sójú odò Ògùn débi pé ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan ti tó kámẹ́rà láti gba gbogbo ohun tó yẹ kó gbà. Bí ó bá lajú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwòrán náà yóò funfun báláú, kò sì ní sí ohun tí ènìyàn lè dá mọ̀ nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn nǹkan kan wà tí kámẹ́rà kò lè fi hàn àfi bí ó bá lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan: ipa tí omi ń tọ̀ bí ó ṣe ń ṣàn yí àpáta ká, àti ìrìn ìkuukùu lójú ọ̀run. Gíláàsì dúdú kékeré kan tí a ń dè mọ́ iwájú lẹ́ǹsì ni ó ń yanjú ìṣòro yìí. ND fílítà ni orúkọ tí àwọn tó ń fi fọ́tò ṣiṣẹ́ ṣe mọ̀ ọ́n sí. Awò adínmọ́lẹ̀kù ni orúkọ tí àpilẹ̀kọ yìí lò fún un, nítorí pé kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó dín ìmọ́lẹ̀ kù lọ.

Ìmọ̀ ìlò awò náà kò le púpọ̀, ẹni tó bá lè ṣe ìlọ́po lè kọ́ ọ láàrin ọjọ́ kan. Ohun tó gba àròjinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé awò náà máa ń pa àwọn nǹkan kan rẹ́ nínú àwòrán, ènìyàn sì wà lára ohun tí ó ń pa rẹ́. Olùkọ́ tó fẹ́ ya àwòrán ìlú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ìtàn kò gbọdọ̀ fojú fo èyí.

Bí awò náà ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun mẹ́ta ni ayàwòrán fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀: bí ihò lẹ́ǹsì ṣe fẹ̀ tó, bí kámẹ́rà ṣe lajú pẹ́ tó, àti bí fíìmù tàbí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà òde òní ṣe tètè ń gbà á, èyí tí a ń fi nọ́ńbà ISO sọ. Bí a bá fún ihò náà dé f/16, tí a sọ ISO kalẹ̀ dé 100, nínú oòrùn gangan, ìṣẹ́jú-àáyá 1/125 ni àkókò tó yẹ. Kò sí èrè nínú fífún ihò náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ojú ihò tóóró kọjá máa ń fọ́n ká, àwòrán kò sì ní mú mọ́. Ibi tí ọgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí bá pin sí ni awò adínmọ́lẹ̀kù ti ń gba iṣẹ́ ṣe.

Ohun tó mú un yàtọ̀ sí gíláàsì aláwọ̀ ni pé kì í ṣe ojúsàájú. Gíláàsì pupa máa ń jẹ́ kí àwọ̀ pupa kọjá, a sì dínà mọ́ àwọ̀ yòókù. Awò adínmọ́lẹ̀kù ní tirẹ̀ a máa bu ìwọ̀n kan náà kúrò lára pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ aró. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ẹni tó ń wo àwòrán kò ní mọ̀ rárá pé gíláàsì kan wà níwájú lẹ́ǹsì.

Ìdajì ìdajì ni a fi ń ka agbára rẹ̀. Ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ìmọ́lẹ̀ bá dín kù sí ìdajì ni àwọn ayàwòrán ń pè ní sítọ́ọ̀pù kan. Awò onísítọ́ọ̀pù mẹ́ta a jẹ́ kí ìdá 1/8 ìmọ́lẹ̀ kọjá, onímẹ́fà a jẹ́ kí 1/64 kọjá, onímẹ́wàá a sì jẹ́ kí 1/1024 kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1000 ni àwọn tó ń ṣe é máa ń kọ sí i lára. Bí àkókò tó yẹ bá jẹ́ 1/125 láìsí awò, onímẹ́fà yóò sọ ọ́ di nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, onímẹ́wàá yóò sì sọ ọ́ di ìṣẹ́jú-àáyá 8. Bí ìkuukùu bá bo oòrùn tí àkókò náà sì di 1/30, awò onímẹ́wàá kan náà yóò gbé e dé ìṣẹ́jú-àáyá 34.

Orúkọ tí wọ́n ń kọ sí ara awò yìí máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Àwọn kan ń kọ iye ìlọ́po, bíi ND8, ND64 àti ND1000. Àwọn mìíràn ń kọ ìwọ̀n bí gíláàsì náà ṣe ki tó, bíi 0.9, 1.8 àti 3.0, níbi tí 0.3 kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ sítọ́ọ̀pù kan. Nítorí náà, ọ̀kan náà ni ND8 àti 0.9, sítọ́ọ̀pù mẹ́ta péré sì ni, kì í ṣe mẹ́jọ. Awò tó ṣeé yí láti dúdú díẹ̀ sí dúdú púpọ̀ wà pẹ̀lú. Ó rọrùn láti lò, ṣùgbọ́n bí lẹ́ǹsì bá gbòòrò, òjìji tó dà bí àgbélébùú lè hàn lójú àwòrán.

Gíláàsì àwọn wẹ́dà

Ojúlówó awò onímẹ́wàá wọ́n. Èyí ló mú kí àwọn ayàwòrán kan, káàkiri ayé, máa lo gíláàsì tí àwọn wẹ́dà fi ń bo ojú. Gíláàsì wẹ́dà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ìṣirò sì wà tó so nọ́ńbà yìí pọ̀ mọ́ bí ó ṣe ki tó. Bí a bá tẹ̀ lé ìṣirò náà, onínọ́ńbà 8 bá 3.0 dọ́gba, èyí ni pé ó tó awò onísítọ́ọ̀pù mẹ́wàá. Onínọ́ńbà 10 lágbára jù ú lọ, ó súnmọ́ sítọ́ọ̀pù mẹ́tàlá.

Ọ̀nà yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ojúsàájú ni gíláàsì wẹ́dà ń ṣe, gbogbo àwòrán ni yóò sì di àwọ̀ ewé. A lè tún un ṣe díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ohun tó sàn jù ni kí a sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí kí ó tó náwó, ìdánwò tó dára ni. Awò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà gẹ́gẹ́ bí ND náà kì í sábà bọ́ lọ́wọ́ àbùkù tó jọ èyí: àwọ̀ rẹ̀ máa ń pọ́n díẹ̀, nítorí pé irú ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, tó kọjá pupa, máa ń yọ́ gba inú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣeé fò. Awò onímẹ́wàá àti gíláàsì wẹ́dà onínọ́ńbà 8 kò tó láti fi wo oòrùn. Awò tí a ṣe fún wíwo oòrùn máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù sí 1/100,000, ìyẹn ni pé ó fi nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún lágbára ju awò onímẹ́wàá lọ. Ní 29 oṣù Ẹrẹ́nà 2006, òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ pátápátá ní Accra àti Lomé, ó sì bo apá kan rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń wu ènìyàn láti gbé gíláàsì dúdú èyíkéyìí sójú. Nínú gíláàsì wẹ́dà, onínọ́ńbà 14 ni a máa ń dámọ̀ràn fún un, èyí tí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà kì í sábà ní lọ́wọ́.

Lẹ́bàá odò Ògùn

Odò Ògùn, tó ń ṣàn bọ̀ láti apá Ṣakí, tó sì gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà Èkó, ni ibi tó yẹ kí ènìyàn ti kọ́kọ́ dán awò yìí wò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àpáta máa ń yọ orí nínú omi. Omi tó bá ń pòyì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn a di funfun bí òwú bí kámẹ́rà bá lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì. Bí ó bá tó ìṣẹ́jú-àáyá 30, gbogbo ojú odò a tẹ́jú bí ìkùukùu. Ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ kí a ṣì rí agbára omi, nítorí pé omi tó tẹ́jú jù kì í jọ odò mọ́. Ìgbà òjò yàtọ̀: odò a kún, a pọ́n, àpáta a sì bọ́ sábẹ́ omi, nígbà tí omi tí wọ́n bá tú sílẹ̀ láti dáàmù Ọ̀yàn, tí a ṣí ní 1983, tún lè sọ ẹ̀bá odò náà di ibi eléwu fún ẹni tó gbé kámẹ́rà kalẹ̀.

Orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà, kí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà sì wà lórí ilẹ̀ líle. Orí afárá Láfẹ́nwá kò dára fún iṣẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni odò ti hàn kedere jù, nítorí pé afárá máa ń mì bí ọkọ̀ ńlá bá gba orí rẹ̀, kámẹ́rà tó lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ yóò sì mì pẹ̀lú rẹ̀. Kí a tó de awò mọ́ lẹ́ǹsì ni a ti gbọ́dọ̀ mú ojú àwòrán mọ́lẹ̀ dáadáa, kí a sì pa ètò tí kámẹ́rà fi ń ṣe é fúnra rẹ̀, nítorí pé bí awò onímẹ́wàá bá ti wà níbẹ̀, bí afọ́jú ni kámẹ́rà rí. Láìsí awò náà ni a ó ti wọn ìmọ́lẹ̀, kí a tó ṣe ìlọ́po. Dípò kí a fi ọwọ́ tẹ bọ́tìnì, kí a lo aago inú kámẹ́rà tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Bí kámẹ́rà bá jẹ́ onídígí, kí a bo ojú ihò tí a fi ń wòran, kí ìmọ́lẹ̀ má baà gba ẹ̀yìn wọlé.

Ooru náà jẹ́ ọ̀tá. Bí kámẹ́rà òde òní bá ṣe ń gbóná sí i tó, bẹ́ẹ̀ ni àmì wẹ́wẹ́ tí kò sí nínú ìran ṣe ń pọ̀ sí i lójú àwòrán alákòókò gígùn. Ìwọ̀nba àwòrán ni kí a yà nínú oòrùn Èrèlé, kí a sì máa gbé kámẹ́rà sábẹ́ ibòji láàrin wọn.

Ta ni awò náà ń pa rẹ́?

Ní 1838, Louis Daguerre ya àwòrán òpópónà kan tí èrò pọ̀ sí ní Paris. Ohun tó fi ya àwòrán náà kò tètè gba ìmọ́lẹ̀, nítorí náà ó ní láti ṣí i sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú. Nígbà tí àwòrán náà jáde, òpópónà dá páro. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àti àwọn tó ń rìn kò sí mọ́. Ẹnì kan tó dúró kí wọ́n bá òun nu bàtà ló hàn kedere, nítorí pé kò kúrò lójú kan.

Ohun kan náà ni awò adínmọ́lẹ̀kù ń ṣe lọ́sàn-án gangan. Ẹni tó ń rìn kì í lò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá lọ kí ó tó kúrò ní ibi tí ara rẹ̀ bò. Bí kámẹ́rà bá lajú fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ìdá 1/60 àkókò náà péré ni ó fi wà lójú kan, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì gba gbogbo ìyókù. Èyí wúlò fún ẹni tó ń ya ilé. Ẹni tó bá fẹ́ ya ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké láìsí pé ọ̀kadà ń kọjá níwájú rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìdá ẹnikẹ́ni dúró, àfi ọkọ̀ tí wọ́n bá gúnlẹ̀ síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a gbé awò náà lọ sí ọjà Òṣíẹ̀lẹ̀. Alábàárù tó ń sáré, ọmọ tó ń kiri omi, àti oníbàárà tó ń ná ọjà láti orí igbá kan sí òmíràn yóò pòórá. Ìyá tó jókòó ti ọjà rẹ̀ yóò kù, bí òjìji, nítorí pé ọwọ́ àti orí rẹ̀ kò dúró. Páànù àti àpótí ni yóò hàn dáadáa. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò sọ pé ọjà náà kò tà.

Ìdí wà tí èyí fi yẹ kó ká Yorùbá lára. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà tó ṣèwádìí láàrin àwọn ayàwòrán ní Ìlá Ọ̀ràngún, ṣàlàyé nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978 pé àwòrán tí àwọn ènìyàn kà sí iyì ni èyí tí ẹni náà ti jókòó, tó wọ aṣọ ìbílẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé itan, tó sì kọjú sí kámẹ́rà gbọnrangandan. Ó tún rí i pé àwọn kan ti ń lo fọ́tò ní ipò ère ìbejì. Níbi tí àwòrán bá ti lè dúró fún ẹni tó ti lọ, ojú kò gbọdọ̀ sọnù nínú rẹ̀. Yorùbá ṣáà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, awò onímẹ́wàá kò yẹ fún ọjà, fún ọdún Lísàbí, tàbí fún ibi tí eégún ti ń jó, bí ẹni tó ń yà á bá ní in lọ́kàn láti fi àwòrán náà pamọ́ fún ìran tó ń bọ̀. Onímẹ́ta tàbí onímẹ́fà lè ṣe é, níwọ̀n bí àkókò kò bá ti kọjá 1/15 tàbí 1/8, tí aṣọ eégún yóò fi máa fẹ́ nígbà tí àwọn tó dúró ń wòran yóò ṣì ní ojú. Ibi tí awò onímẹ́wàá bá sì pọn dandan, bíi ti ilé àtijọ́ láàrin ìgboro, àwòrán méjì ló yẹ kí a yà láti ojú kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú awò, èkejì láìsí i, kí a sì kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá, ọjọ́ àti wákàtí sí ẹ̀yìn méjèèjì kí a tó kó wọn pamọ́ pọ̀.