Òṣùwọ̀n Kò Mọ Ibi Tí Ọ̀rá Jókòó Sí

 Ẹ̀yin tí dátà yín kò tó láti gbọ́ wa, ẹ kú ìjókòó, torí yín la ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tòní bẹ̀rẹ̀ níta wọ́ọ̀dù kan. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ọkùnrin gíga ni wọ́n, tẹ́ẹ́rẹ́. Ikùn wọn nìkan ló rọra yọ síwájú, bí ìgbà tí èèyàn gbé bọ́ọ̀lù sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Àwọn dókítà yẹ̀ wọ́n wò, ẹ̀jẹ̀ ti ru kọjá ààlà, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lé ní 300. Gbogbo ẹbí dúró síta, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Ẹni tí kò sanra!" Anti mi, àbúrò wọn, obìnrin tó sanra dáadáa, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ èmi ni, á yé mi." Mo ń gbọ́, n kò rí nǹkan kan sọ. Látìgbà náà ni mo ti ń wá èsì.

Ẹ mọ bí a ṣe ń kí ara wa. Bí èèyàn bá ti ìrìn àjò dé tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, a ó ní ayé ń yẹ ẹ́. Bí ó bá rù, a ó fà á sí kọ̀rọ̀, a ó ní, "Ṣé kò sí nǹkan?" Ilé ìwòsàn ní tiwọn yí i po: ẹni tó sanra ló wà nínú ewu. Ọ̀rọ̀ méjèèjì fi nǹkan pamọ́.

Ìṣirò tí wọ́n ń lò ni BMI. Ẹ ó mú ìwúwo yín ní kílò, ẹ ó fi gíga yín ní mítà pín in, ẹ ó tún fi gíga yẹn kan náà pín in lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá ti dé 25, wọ́n ní ẹ wúwo jù. Tó bá dé 30, ó ti di ìsanrajù. Ẹni tó hùmọ̀ ìṣirò yìí kì í ṣe dókítà o. Adolphe Quetelet ni, onímọ̀ ìṣirò àti ìràwọ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù, ní àwọn ọdún 1830. Bí ara ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe sábà máa ń rí ló ń wá, kò ro ti aláìsàn rárá. Ọdún 1972 ni Ancel Keys, ará Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tó ń jẹ́ lónìí.

Mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Tí a bá ń wo ọ̀pọ̀ èèyàn pa pọ̀, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì. Ní àwọn ọdún 1990, Richard Cooper, dókítà kan ní agbègbè Chicago, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, títí kan àwọn tó wà ní Ìbàdàn, yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò lára bí 10,000 àgbàlagbà. Àwọn kan wà ní Nàìjíríà, Igbó-Ọrà sì wà lára ibi tí wọ́n dé. Àwọn kan wà ní Kamẹrúùnù, Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, àwọn yòókù sì wà ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni orírun gbogbo wọn. Òwò ẹrú ló kó baba ńlá àwọn kan kọjá òkun. Nígbà tí èsì jáde ní 1997, nínú èèyàn 100, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru jẹ́ 16 ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní àwọn erékùṣù Kàríbíà, 33 ní Maywood. Bí ìwúwo ara àti iyọ̀ tí wọ́n ń jẹ ṣe ń gòkè láti ibì kan dé ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń gòkè.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà nínú ìdílé òun, kò sí ohun tí òun lè ṣe, ẹ fi èyí hàn án. Orírun kan náà, èsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbé ayé ló yàtọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọjá lórí iṣẹ́ yẹn, bí mo sì ṣe ń wo àwa tó ń fi wákàtí mẹ́ta jókòó nínú gosílóò, tí a fi míníra àti míìtì páì ṣe oúnjẹ ọ̀sán, mo rò pé ọ̀pọ̀ wa ti kó lọ sí Maywood láìgba físà.

Àmọ́ tó bá kan ẹnì kan ṣoṣo, òṣùwọ̀n ò mọ púpọ̀. Alábàárù tó ti fi ẹrù dàgbà lè wúwo, kó má sì ní ọ̀rá lára. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lè fúyẹ́, kí gbogbo ọ̀rá tí wọ́n ní sì kóra jọ sójú kan. Ní 1947, Jean Vague, dókítà kan ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé, kọ ọ́ pé àwọn tí ọ̀rá wọn wà lókè ara àti ní ikùn ni àtọ̀gbẹ ń yọ lẹ́nu ju àwọn tí tiwọn wà ní ìdí àti itan lọ. Ó pẹ́ kí ayé tó gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin tí Ọlọ́run fi ìdí jíǹkí, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rá ikùn fi burú? Ọ̀rá abẹ́ awọ, èyí tí ẹ lè fi ìka fún, àpò ìpamọ́ ni. Nígbà tí àpò yẹn bá kún, tàbí tí kò tóbi láti ìbẹ̀rẹ̀ bó ṣe rí fún àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ara á máa tú ọ̀rá síbi tí kò yẹ: sáàárín ìfun, sínú ẹ̀dọ̀, sínú ẹran ara. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ mi ṣàlàyé. Ínsúlínì ni ohùn tó ń sọ fún ẹran ara pé kó gba ṣúgà wọlé, tó sì ń sọ fún ẹ̀dọ̀ pé kó dẹ́kun títú ṣúgà jáde. Tí ọ̀rá bá ti kún ibẹ̀, ó dà bí ìgbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tí a ti ń gba ohùn sílẹ̀. Wọn ò gbọ́ ohùn náà mọ́ dáadáa. Ara á wá gbé ohùn sókè: ẹ̀yà ara tó ń ṣe ínsúlínì, páńkíríásì, á túbọ̀ pèsè sí i. Fún ọdún púpọ̀, bí ẹ bá yẹ ṣúgà yín wò, ẹ ó rí i pé ó dára, torí ohùn ṣì ń borí ariwo. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó ti lo spíkà rí, ẹ mọ̀ pé tí ẹ bá ń gbé e sókè láìdúró, á jó lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí páńkíríásì bá rẹ̀ ni ṣúgà máa fò sókè, tí gbogbo èèyàn á ní lójijì ló bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe lójijì. Láàárín àkókò yẹn, ẹ̀dọ̀ tó kún fún ọ̀rá ti ń da ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ru, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ti ń bàjẹ́. Ọkàn, ọpọlọ àti kíndìnrín ló máa san gbèsè náà.

Gerald Reaven, dókítà ní yunifásítì Stanford, ló so àwọn nǹkan wọ̀nyí pọ̀ ní 1988. Lónìí, àwọn dókítà máa ń wo àmì márùn-ún: ìbú ìbàdí, ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá dé 130 lókè tàbí 85 nísàlẹ̀, ṣúgà òwúrọ̀ kí èèyàn tó jẹun tó bá dé 100, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rere tó kéré jù. Ẹni tó bá ní mẹ́ta nínú wọn, ewu àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ti sún mọ́ ọn, ì báà sanra, ì báà rù.

Ní ti ìbàdí, ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún àwa ará Áfíríkà ni sẹ̀ntímítà 94 fún ọkùnrin, 80 fún obìnrin. Ẹ mí síta, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárín egúngún ìhà tó kẹ́yìn sí egúngún ìbàdí. Kì í ṣe ibi tí bẹ́líìtì ń gbà, torí àwa ọkùnrin máa ń sọ bẹ́líìtì sábẹ́ ikùn ká lè ní ṣòkòtò àtijọ́ ṣì gbà wá. Ẹni tí kò ní téèpù, kó fi okùn wọn gíga ara rẹ̀, kó ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Tí okùn náà kò bá yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó tó kó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Mo yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. BMI mi jẹ́ 24.8, mo ti fẹ́ máa yangàn. Ìbàdí mi jẹ́ 95. Mo lọ yẹ ṣúgà wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì láìtíì fẹnu kan nǹkan: 104. Àtọ̀gbẹ kọ́ nìyẹn, 126 ni ti àtọ̀gbẹ, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òru ni mo fi ń ṣe iṣẹ́, búrẹ́dì àti míníra ló ń bá mi ṣọ́ ọ.

Kí ni ṣíṣe? Iṣẹ́ ìwádìí ńlá kan wáyé ní Amẹ́ríkà, èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Èèyàn 3,234 tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ló kópa. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n dín ìwúwo wọn kù ní ìdá 7 nínú 100, kí wọ́n sì máa rìn fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú 100. Oògùn metformin dín in kù ní 31. Ohun tó wú mi lórí ni pé wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni di tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ wà lára èyí tó máa ń kọ́kọ́ lọ, nítorí náà ara á ti gbádùn kí dígí tó sọ fún yín. Tíì tí wọ́n ń tà pé ó ń fọ ikùn, ìgbẹ́ ló ń fọ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ̀yin tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ṣúgà, ẹ má torí ètò yìí dá a dúró o.

Mo gbé téèpù náà lọ bá Anti mi. Kílò 98 ni wọ́n wọ̀n. Mo ní ká yọ méje. Wọ́n wò mí lókè délẹ̀, wọ́n ní, "Méje péré? Mo ti rò pé o fẹ́ kí n rí bíi tìẹ ni, ìwọ tí ṣúgà rẹ náà ò gbádùn." A ti ń rìn yí àgbàlá po ní ìrọ̀lẹ́ báyìí, èmi àti àwọn. Ẹ̀gbọ́n wọn máa ń jókòó sí fàráńdà. Ọwọ́ òsì wọn kò tíì padà bọ̀ sípò, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń ka ìyípo wa, wọn kì í sì í jẹ́ ká fi ẹyọ kan jẹ wọ́n.