Ike Tí Wọ́n Ń Fi La Ojú

  

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí, inú ìsọ̀ ìyá kan nínú wa ló ti bẹ̀rẹ̀. A ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ní ká sọ ọ́, kó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa.

Ìyá ti pẹ́ ní Ògùnpa. Kí Omíyalé ọdún 1980 tó dé ni wọ́n ti ń ta ọ̀rá àti ike, kò sì sí irú ike tí ẹ máa mú wá tí wọn ò ní mọ iye tó tọ́ sí i. Nígbà tó yá, a rí i pé tí oníbàárà bá na owó sí wọn, wọ́n á gbé e sún mọ́ imú, wọ́n á yí i síhìn-ín, wọ́n á yí i sọ́hùn-ún. Wọn ò mọ N500 yàtọ̀ sí N1,000 mọ́. Àwọn oníbàárà tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run sì ti mọ̀. Lálẹ́, tí wọ́n bá ṣírò ọjà, owó ò ní pé. Ni wọ́n bá yíjú sí ọmọbìnrin tó ń bá wọn tajà, wọ́n ní olè ni. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n lé ọmọ ọlọ́mọ lọ. Àṣé ojú wọn ló ń jà wọ́n lólè.

Ọkùnrin kan wá wọ ọjà pẹ̀lú báàgì, ó ní òun ń la ojú tó bá ṣú, kò ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, kò sí wàhálà ọ́sibítù. Ìyá gbà. Ó fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan nínú ojú ọ̀tún wọn, ó gba owó ẹ̀, ó bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ìyá ní àwọn ń rí ìmọ́lẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ojú ti wú, ó ń ta wọ́n, omi ń dà níbẹ̀. Ojú yẹn ò ríran mọ́ títí dòní.

Nígbà tí àwọn ọmọ wá gbé wọn lọ sí ọ́sibítù nítorí ojú òsì, dókítà ní àwọn máa yọ ohun tó ṣú, àwọn á sì fi ike kékeré kan rọ́pò ẹ̀. Ìyá fò sókè. “Ike kẹ̀? Èmi tí mo ti ń ta ike kí wọ́n tó bí ẹ, ṣé ike lẹ fẹ́ kì bọ̀ mí lójú?” Wọ́n dìde, wọ́n wálé. Oṣù mélòó kan la fi bẹ̀ wọ́n. Inú ẹ̀bẹ̀ yẹn la ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù ike yìí ń bà. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ wádìí ẹ̀ wá fún yín.

KÍ LÓ Ń ṢÚ NÍNÚ OJÚ?

Lẹ́yìn ọmọlójú, ohun kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Inú ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kí á tó lè ríran. Ẹ wo ọ̀rá gaara tí a fi ń bo ọjà níwájú ìsọ̀. Nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ẹ̀ ń rí ọjà inú ẹ̀ kedere. Tí oòrùn bá ti pa á títí, á ṣe bàìbàì, ẹ ò ní mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ojú. Bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ, ohun tó mọ́ gaara yìí á bẹ̀rẹ̀ sí ṣú. Òun làwọn dókítà ń pè ní kataráàtì. Àtọ̀gbẹ máa ń jẹ́ kó tètè dé, bẹ́ẹ̀ náà ni kí nǹkan ṣe èèyàn léṣe lójú. Kì í ràn. Kì í ṣe aráyé ló ń ṣeni. Kò sì sí oògùn kíkán tàbí àgbo tó lè mú un mọ́ padà. Iṣẹ́ abẹ ló ń yọ ọ́.

Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún afọ́jú tó ti pé ogójì ọdún sókè, bíi mẹ́tàlélógójì ló jẹ́ pé kataráàtì ló fọ́ wọn lójú. Ohun tó ṣeé yọ ni o!

BÍ IKE ṢE DÉ INÚ OJÚ

Ogun Hitler ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ní 1940, ike líle tó mọ́ bíi gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ìbòrí ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí nínú ọkọ̀ òfuurufú ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Perspex lorúkọ ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe sáínbọ́ọ̀dù mọ̀ ọ́n dáadáa. Tí ìbọn bá bà á, á fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ̀rún ẹ̀ á sì wọ awakọ̀ lójú. Dókítà ojú kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Harold Ridley, kíyè sí i pé jẹ́jẹ́ ni ẹ̀rún ike yìí jókòó sínú ojú àwọn ọmọ ogun náà. Kò wú, kò gbọyún. Bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé tí ẹ̀gún bá wọni lẹ́sẹ̀, ara ò ní sinmi àfi tó bá tì í jáde.

Ridley yìí kì í ṣe àjèjì sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà ogun náà, ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà lónìí, ó sì ṣèwádìí níbẹ̀ lórí àrùn tí eṣinṣin etí odò ń fà, tó ń fọ́ni lójú.

Lẹ́yìn ogun, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń wò ó níbi tó ti ń yọ kataráàtì ní ó ṣeni láàánú pé kò fi òmíràn rọ́pò ohun tó yọ. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ridley lọ́kàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ọ́sibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù, ó fi awò kékeré tí wọ́n fi irú ike yẹn ṣe sí ojú obìnrin kan. Ọ̀pọ̀ àgbà dókítà bá a jà, wọ́n ní báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ọ́mọ̀ fi ohun àjèjì sínú ojú. Ẹ ò rí i pé ìyá wa kọ́ ló kọ́kọ́ fò sókè! Ó pẹ́ kí ayé tó gbà. Ọdún 1981 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i pé kò léwu, àti pé ó ń ṣiṣẹ́. Ọdún 2001 ni Ridley kú, ó fojú ara ẹ̀ rí èrè iṣẹ́ ẹ̀.

Kó tó di pé awò inú ojú yìí wọ́pọ̀, tí wọ́n bá ti yọ kataráàtì, awò tó nípọn bí ìdí ìgò lèèyàn á máa lò títí ayé. Àwọn àgbà inú wa rántí irú awò bẹ́ẹ̀.

Owó ló wá kù. Nígbà tó jẹ́ pé òkè òkun ni wọ́n ti ń rà á, awò kan tó bíi ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ní 1992, àwọn dókítà ojú Aravind ní ìlú Madurai, ilẹ̀ Íńdíà, dá ilé iṣẹ́ Aurolab sílẹ̀ láti máa ṣe é fúnra wọn. Owó ẹ̀ já wálẹ̀ sí nǹkan bíi dọ́là mẹ́wàá, ó sì tún wálẹ̀ sí i. Orílẹ̀-èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń rà á lọ́wọ́ wọn. Àwa ọlọ́jà ṣáà mọ̀ pé tí ẹni tó ń ṣe ọjà bá pọ̀, owó ẹ̀ á wálẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Wọ́n á pa ojú yẹn kú kó má baà dunni. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ò tiẹ̀ ní sùn. Wọ́n á la ẹ̀gbẹ́ ojú díẹ̀, wọ́n á yọ èyí tó ṣú, wọ́n á fi awò ike síbẹ̀. Fífẹ̀ awò náà ò ju bíi mìlímítà mẹ́fà lọ, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì tóbi jù ú. Èyí tó rọ̀ tún wà, tí wọ́n ń ká bí ẹní kó lè gba ojú ihò mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta wọlé, á wá tẹ́ ara ẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ló ń lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Ike yìí kì í ṣe ike abọ́ o. Wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara ẹ̀, wọ́n sì dì í pa. Kì í jẹrà, kò sì sí pé à ń pààrọ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ojú bá tún ṣe bàìbàì lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún mélòó kan, ẹ má sọ pé ike ti bàjẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ló máa ń ṣú nígbà mìíràn. Iná lésà ni wọ́n fi ń là á, kì í pẹ́.

Ike kún ọ́sibítù báyìí: àpò ẹ̀jẹ̀, okùn dírípù, sírínjì, títí dé òwú láílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń rán ojú ọgbẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i pé ojú yín ni wọ́n ti ya ọ̀rá sírínjì kí wọ́n tó gún yín. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń lò ó.

ẸNI TÓ Ń FI ABẸ́RẸ́ GÚN OJÚ

Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe ò yàtọ̀ sí ti ẹni tó gbálẹ̀ tó wá gbá ìdọ̀tí sábẹ́ ẹní. Wọn ò yọ kataráàtì rárá. Ńṣe ni wọ́n ń tì í sẹ́yìn sínú ojú. Ìmọ́lẹ̀ lè wọlé fúngbà díẹ̀, kí wàhálà tó dé. Ìwádìí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan sí nítorí kataráàtì, ó lé ní ogójì tó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ àwọn èèyàn yìí ni. Ó sì lé ní ìdajì àwọn ojú bẹ́ẹ̀ tó fọ́.

Nítorí náà, ẹ dán ojú yín wò lónìí. Ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, ẹ fi èkejì wo owó, kí ẹ tún pààrọ̀ ẹ̀. Tí ọ̀kan bá ń ṣe bàìbàì, ẹ lọ síbi tí dókítà ojú wà, yálà UCH tàbí ilé ìwòsàn ojú ní Ẹlẹ́tà. Kì í ṣe gbogbo bàìbàì ni kataráàtì. Gulokómà wà, tó ń jí ojú gbé díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti gbé lọ kì í padà. Dókítà ló lè mọ̀ ọ́n. Ẹ béèrè iye owó pátápátá, iṣẹ́ abẹ, awò àti oògùn, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí a bá lè dá àjọ nítorí aṣọ ẹbí, a lè dá a nítorí ojú.

Ìyá padà gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú báńdéèjì, N1,000 ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká fún àwọn wò. Wọ́n kà á, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n sunkún nítorí ojú ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n dé ìsọ̀, wọ́n pe ọmọbìnrin yẹn, wọ́n ní kó máa bínú. Ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ wọn. Owó sì ń pé lálẹ́.

Ojú lọba ara. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ṣi owó mú lójú ọjà. Ó dìgbà o.